Gbèsè Tí Ó Ń Gorí Gbèsè: Ọ̀nà Tí Àgbẹ̀ Fi Lè Bọ́

Lára àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa ní Gwagwalada, Kwali, Kuje àti Abaji kì í fẹ́ sọ sókè, ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó ṣáájú. Àgbẹ̀ a máa sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé kòkòrò jẹ àgbàdo òun, a máa sọ pé òjò kò rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí gbèsè bá wọ ilé rẹ̀, ńṣe ni yóò pa ẹnu mọ́. Bí ó ti ń pa ẹnu mọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ń dàgbà. Nígbà tí yóò bá fi là á lójú, ẹ̀bu tí ó yẹ kí ó gbìn ti di títà, ọmọ ti kúrò ní ilé-ìwé, àwọn mìíràn a sì kó ẹrù wọn lóru, wọn a fi oko sílẹ̀.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bá ẹnikẹ́ni wí. Ó rọrùn púpọ̀ láti jẹ gbèsè nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba owó ní ìparí oṣù. Àgbẹ̀ oníṣu ń náwó láti ìgbà tí ó bá ti kọ ebè títí di ìgbà tí yóò wa iṣu, èyí tí ó lè tó oṣù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó fojú kan owó. Láàárín àkókò yìí, ẹnu kò ní ṣàìjẹun, ara kò sì ní ṣàìṣe àìsàn. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí gbèsè ṣe ń gorí ara wọn, àti bí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe lè jáde ní díẹ̀díẹ̀ láìta ẹ̀bu, láìsì sá kúrò nílùú.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà lára ìwọ̀fà

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ gbèsè dáadáa. Ẹni tí ó bá nílò owó ńlá nígbà náà lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Yóò máa lọ ṣiṣẹ́ fún olówó ní ìwọ̀n tí wọ́n bá jọ fi àdéhùn sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò dín owó tí a yá kù rárá. Èlé ni iṣẹ́ náà. Bí ó ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, owó tí wọ́n yá gan-an, tí a óò máa pè ní ìyá owó nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, yóò wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yá a. Ọjọ́ tí wọ́n bá san ìyá owó pé ni ìwọ̀fà tó gba ara rẹ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Nínú ìwé kan náà ni ó ti sọ nípa ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé, tí yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu títí wọn yóò fi wá owó náà jáde.

Ó ti pẹ́ tí òfin ti de ìwọ̀fà. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ṣírò kékeré kan. Bí àgbẹ̀ kan bá yá ₦100,000 lọ́wọ́ ayánilówó inú ọjà, tí ó ń san èlé ₦10,000 lóṣooṣù, nígbà tí ọdún bá yípo, ó ti san ₦120,000. Ó sì tún jẹ ₦100,000 síbẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni yìí àti ìwọ̀fà? Àwọn àgbà kò ṣèèṣì pe irú ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní sọ́gúndogójì.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àṣekára nìkan kò fi lè yọ ènìyàn nínú gbèsè. Owó tí ó bá dé orí ìyá owó nìkan ni ó ń pa gbèsè. Èyí tí ó bá tán sórí èlé, olówó ni ó ń bọ́. Ẹni tí ó bá di èyí mú ti mọ ìdajì ohun tí a fẹ́ sọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó àgbẹ̀ àtijọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbọ́ nípa fáàmù sẹ́túlúmẹ́ǹtì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1959 sí 1960, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà fún ọ̀gbìn. Àwọn abúlé àgbẹ̀ Ísírẹ́lì tí à ń pè ní moshav ni wọ́n wò ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ìwé ní iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí ibùdó bíi Ilọ́ra, Akúfọ̀ àti Ẹ̀ṣàà-Òkè. Ilẹ̀ wà, ilé wà, irinṣẹ́ wà, wọ́n tún fún wọn ní owó oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ owó wọ̀nyí sílẹ̀ ní gbèsè tí àgbẹ̀ yóò san nínú ohun tí ó bá tà. Lára ohun tí wọ́n gbìn ni igi eléso, irú èyí tí ó ń gba ọdún púpọ̀ kí ó tó mú owó wọlé. Gbèsè ti ga kí èso tó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn, wọ́n sì gba ìlú lọ.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ilé kì í so èso. Bí a bá gbé gbèsè ilé, gbèsè oúnjẹ àti gbèsè oko lé orí oko kan ṣoṣo, oko náà yóò wó, bí ó ti wù kí ilẹ̀ rẹ̀ dára tó.

Àwọn tí wọ́n wò ṣe àpẹẹrẹ pàápàá kò mú un jẹ. Ní 1985, nígbà tí ìjọba Ísírẹ́lì ń wá ọ̀nà láti dá ọ̀wọ́n gógó owó ọjà dúró, èlé orí owó yíyá ga sókè púpọ̀, gbèsè sì bo ọ̀pọ̀ moshav mọ́lẹ̀. Níwọ̀n bí wọ́n ti ṣe onídùúró fún ara wọn, àgbẹ̀ tí ó san gbèsè tirẹ̀ déédéé bá ara rẹ̀ nínú gbèsè aládùúgbò rẹ̀. Ní 1992, ilé aṣòfin wọn ní láti ṣe òfin pàtàkì láti tún àwọn gbèsè náà tò, kí wọ́n sì dín in kù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi ọwọ́ sí ìwé onídùúró, kí ó bi ara rẹ̀ pé: bí ọ̀rẹ́ mi kò bá san án, ǹjẹ́ mo lè san án?

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó wà nínú gbèsè ṣe

Èkíní: Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tí ó wà ní ilé-ìwé bá yín kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ olówó, iye ìyá owó, iye èlé lóṣù kan, àti ọjọ́ tí ẹ ṣe àdéhùn. Ẹ má ṣe fo ọ̀kankan. Àwìn ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò, gbèsè ni. Owó ilé-ìwé tí ó kù, gbèsè ni. Bí ẹ bá ti kó èsúsú ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ku oṣù mẹ́sàn-án tí ẹ óò máa dá a, gbèsè ni èyí náà. Kí ọkọ àti aya jọ jókòó ti ìwé yìí, nítorí gbèsè tí ọkọ fi pamọ́ fún aya, aya kò lè bá a ṣọ́ ìnáwó nítorí rẹ̀.

Èkejì: Ẹ ti ilẹ̀kùn gbèsè tuntun. Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ́ jẹ èkuru kí ó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. A kò lè máa san gbèsè nínú ilé kí á máa yá owó aṣọ ẹbí ní ìta. Bí òkú bá kú nílé, ẹ lọ, ẹ ṣe ohun tí agbára yín ká, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún mọ̀lẹ́bí pé apá kò ká èyí tí ó kù. Ojú yóò tì yín fún ọjọ́ kan. Gbèsè òkú lè pẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ lọ́rùn ènìyàn.

Ẹ ṣọ́ra fún owó orí fóònù pẹ̀lú. Kíá ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì ń fún ènìyàn láti san án. Lára wọn ni àwọn tí ó ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè. Àjọ FCCPC tí ó wà ní Abuja níbí ti ń fi orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti 2022. Ẹ wádìí lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, ibẹ̀ náà sì ni a ti ń fi ẹjọ́ ẹni tí ó bá ń dójú ti ènìyàn sùn.

Irú owó yíyá kan ṣoṣo ni ó lè wúlò ní àkókò yìí: kí á yá owó tí èlé rẹ̀ kéré láti fi pa èyí tí èlé rẹ̀ ga pátápátá. Bí kò bá ní pa á tán, ẹ má yá a.

Ẹ̀kẹta: Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹ̀bu. Ẹni tí ó ta ẹ̀bu ti fi oko ọdún tí ń bọ̀ san gbèsè ọdún yìí, yóò sì yá owó mìíràn láti ra ẹ̀bu padà ní iye tí ó ju iye tí ó tà á lọ. Bákan náà ni ẹni tí ó gba owó lórí iṣu tí ó ṣì wà nínú ebè. Ẹni tí ó rà á bẹ́ẹ̀ kò ní san iye ọjà, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ sì ni èlé rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ èlé. Ní ti owó ẹ̀bu, ẹ ránti ọ̀nà tí àwọn olùwádìí ní Umudike àti ní IITA ní Ìbàdàn fi kọ́ àwọn àgbẹ̀: kí á gé iṣu sí wẹ́wẹ́, kí èèpo wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹyọ kan wúwo tó gíráàmù 25, kí á fi eérú pa á lára, kí á sì gbìn ín. Ẹ̀bu kéékèèké ni yóò ta ní ọdún àkọ́kọ́, a ó sì fi ìwọ̀nyẹn gbin oko ọdún kejì láìra ẹ̀bu púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ lọ bá olówó kí olówó tó wá bá yín. Onígbèsè tí ó ń sá pamọ́ ni olówó ń fura sí. Ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ mú ẹlẹ́rìí kan lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ yín má gùn. Ẹ lè sọ pé: “Ẹ kú ọjà o, mà. Owó yín wà lọ́rùn mi, n kò gbàgbé, n kò sì ní sá. Ohun tí mo lè mú wá nígbà ìkórè nìyí. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi dá èlé dúró láti òní, kí èyí tí mo bá ń mú wá máa dín ìyá owó kù.” Ọ̀pọ̀ olówó yóò gbà, nítorí owó tí ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sàn fún wọn ju onígbèsè tí ó sá lọ. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ fi ọwọ́ sí i. Ẹ má ṣèlérí ohun tí oko yín kò lè san. Ìlérí kékeré tí a mú ṣẹ dára ju èyí tí ó tóbi tí a yẹ̀ lọ.

Ìkarùn-ún: Ẹ pa èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ṣáájú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí á fi àkàwé kan ṣe é. Ká ní àgbẹ̀ kan jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦200,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦1 lórí ₦100 lóṣù. Ó jẹ ayánilówó inú ọjà ní ₦100,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10 lórí ₦100 lóṣù. Ó tún jẹ oníṣòwò ajílẹ̀ ní ₦80,000 láìsí èlé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦380,000. Èlé tí ó ń san lóṣù jẹ́ ₦12,000, láti inú gàrí tí ìyàwó rẹ̀ ń tà àti iṣẹ́ àgbàṣe tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe.

Ìkórè dé, ó rí ₦120,000 fún gbèsè lẹ́yìn tí ó ti yọ oúnjẹ àti ẹ̀bu sọ́tọ̀. Bí ó bá fẹ́ tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn, tí ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦40,000, èlé rẹ̀ lóṣù yóò wálẹ̀ sí ₦7,600. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ₦100,000 pa gbèsè inú ọjà tán, tí ó sì fún oníṣòwò ajílẹ̀ ní ₦20,000, èlé rẹ̀ lóṣù yóò di ₦2,000 péré. Owó kan náà ni ó ná, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ₦5,600 lóṣù, tàbí ₦67,200 ní ọdún kan.

Èyí kọ́ ni òpin rẹ̀. ₦10,000 tí ó ń bọ́ sọ́wọ́ ayánilówó tẹ́lẹ̀ ti wá di tirẹ̀. Bí ó bá ń mú un lọ fún oníṣòwò ajílẹ̀, oṣù mẹ́fà ni yóò fi san ₦60,000 tí ó kù. Lẹ́yìn náà, kí ó máa kó ₦12,000 lọ sí alájẹṣẹ́kù lóṣooṣù. Bí ẹgbẹ́ bá ń gba èlé lórí èyí tí ó kù nìkan, kò ní ju oṣù mọ́kàndínlógún lọ tí ìyẹn náà yóò fi tán. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún méjì àti oṣù kan. ₦12,000 yìí kan náà ni ó ń san tẹ́lẹ̀, tí gbèsè kò sì dín ní kọ́bọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù lè fi ìkórè ka tirẹ̀. Ohun tí ó ṣe kókó ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ: kí gbèsè kan kú tán, kí owó rẹ̀ bọ́ sórí èyí tí ó tẹ̀lé e.

Ohun tí òfin sọ

Àwọn olówó kan a máa mú ọlọ́pàá wá. Ẹ mọ̀ pé òfin ìdájọ́ ọ̀ràn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tí ó sì múlẹ̀ ní Abuja, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn tàbí nítorí ọ̀rọ̀ owó lásán. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 tún un sọ. Ilé-ẹjọ́ ni olówó yóò gbà lọ, adájọ́ sì lè ní kí onígbèsè máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi àtìmọ́lé dẹ́rù bà yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ tí ó ń ran tálákà lọ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì yàtọ̀. Láti 1977 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Bí ayánilówó bá ní kí ẹ fi ṣẹ́ẹ̀kì ṣe ìdúró, ẹ má gbà.

Ní ti owó ìjọba, ẹ má ṣe gba ẹni tí ó sọ pé kò ní sísan gbọ́. Òfin onídùúró fún owó àgbẹ̀ jáde ní 1977, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ṣùgbọ́n báńkì ni ó wà fún bí owó bá sọnù. Àgbẹ̀ ṣì jẹ gbèsè rẹ̀. Nígbà tí ètò Anchor Borrowers bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ìpín ti ìjọba ni. Láti 2020, báńkì àpapọ̀ ti la ọ̀nà tí báńkì fi lè yọ gbèsè nínú àkáǹtì onígbèsè ní báńkì mìíràn nípasẹ̀ BVN rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ olú-ìlú yìí, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ro oko lórí ilẹ̀ tí àwọn Gbagyi tàbí àwọn onílẹ̀ mìíràn yọ̀ǹda, láìsí ìwé kankan tí a lè gbé fún báńkì. Ìdí nìyí tí a fi ń sá tọ ayánilówó inú ọjà lọ. Àtúnṣe tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó forúkọ sílẹ̀, níbi tí owó tí ènìyàn ti fi pamọ́ àti ìwà rẹ̀ ti ń ṣe ìdúró fún un. Ẹ má sì jẹ gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn lórí ilẹ̀ tí ẹ kò mọ iye ọdún tí ẹ óò lò lórí rẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ ọdún kan bá lè san láàárín ọdún kan ni kí ẹ yá sí i.

Lọ́jọ́ tí gbèsè ìkẹyìn bá tán, ẹ gba ìwé yín padà lọ́wọ́ olówó, kí ẹ fa ilà sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi owó tí ẹ ń fi san gbèsè pamọ́ sí àjọ tàbí alájẹṣẹ́kù bí ẹni pé ẹ ṣì jẹ ẹ́. Nígbà tí ebè tuntun bá dé, lọ́wọ́ ara yín ni ẹ óò ti yá owó ajílẹ̀.